Ère Tó Ń Kẹ̀yìn sí Àna

Wọ́n ní ère Yéi obìnrin kan, ọ̀kan nínú àwọn Ẹni Mímọ́ wa, wà ní Tolikan tí wọ́n fi igi gbẹ́, tó jẹ́ pé bí ọkọ ọmọ bá ti wọlé báyìí, ère náà á yí ẹ̀yìn sí i. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án o. Òun fúnra rẹ̀ ni á rọra yí, bí obìnrin tí wọ́n bú láàárín èrò, títí tó fi jẹ́ pé ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan lèèyàn á máa rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi máa dé Shiprock, ó ti lé kún: wọ́n ní ère náà máa ń pòṣé. Nígbà tó dé Chinle, ó ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó bi ọkọ ọmọ kan pé ìgbà wo ló máa tún òrùlé tó ń jò ṣe. Obìnrin kan ní Lukachukai tiẹ̀ fi gbogbo àgùntàn rẹ̀ búra pé aládùúgbò ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ère náà sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, tó din búrẹ́dì, tó pín in fún gbogbo ilé, tó sì fo ọkọ ọmọ kọjá.

Ẹni tó gbẹ́ ère yìí ló yẹ ká bi, àbí? Delbert Etsitty lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í, á kàn fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú, á ní, "Ẹ lọ bi òbúkọ." Kì í ṣe pé ó ń bú yín o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn nìyẹn.

Delbert ga, ó fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ṣọ́bìrì, ṣùgbọ́n ojo ọkùnrin ni bó bá kan ọ̀rọ̀ obìnrin mẹ́ta: ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó ń fún un lábẹ́rẹ́. Apá kejì òkè ló ti wá. Lọ́jọ́ tó kó wá sọ́dọ̀ Verlinda, ìyàwó rẹ̀, ó gbé gàárì kọ́ èjìká, kò sì fa ẹṣin kankan dání. Ẹṣin ti kú tipẹ́. Ó ní ojú ń ti òun láti wá fẹ́yàwó lọ́wọ́ òfìfo.

Ilé ìyá ìyàwó lọkọ ń lọ gbé lọ́dọ̀ wa, wàhálà ibẹ̀ kò sì ju pé kò gbọ́dọ̀ rí ìyá náà sójú. Ẹni-Tí-A-Kì-í-Wò là ń pe ìyá ìyàwó. Ọkọ ọmọ tó bá wò ó, ojú rẹ̀ á fọ́, orí rẹ̀ á sì dàrú. Àwọn ọmọ ìwòyí ń wo ìyá ìyàwó wọn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n tiẹ̀ ń bá wọn ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n Glinibah, ìyá Verlinda, kì í ṣe ọmọ ìwòyí, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ nípa òun pé òun lòun fọ́ ọkọ ọmọ òun lójú.

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ rèé. Glinibah ń sùn nínú hógàn tirẹ̀, ilé róbótó onígi tí a fi amọ̀ bò. Delbert àti Verlinda wà nínú ilé onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, wọ́n á ta kúbùsù kan sáàárín ilé onípákó náà. Glinibah á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, á jókòó sí apá tirẹ̀, Delbert á wà ní apá tirẹ̀, Verlinda ni yóò máa gbé abọ́ lọ gbé abọ́ bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kí Delbert lè mọ̀ bí ìyá bá ń bọ̀ níta, Glinibah so ṣaworo mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Ètò yìí dára, àfi pé òbúkọ tó ń ṣáájú àwọn àgùntàn náà ní ṣaworo lọ́rùn. Ẹ má béèrè iye ìgbà tí Delbert ti gbọ́ ṣinrin, tó kọjú sí ògiri, tó fọwọ́ bojú, tó dúró gbọnin bí òpó iná, tó jẹ́ pé òbúkọ ló kàn ń kọjá lọ, tó sì dúró díẹ̀ láti jẹ létí ẹ̀wù rẹ̀.

Alága lorúkọ òbúkọ náà, nítorí pé kò sí ìpàdé tí kì í wá, kò sì sí ìkankan tó ti dá sọ́rọ̀ rí. Òun ni Glinibah àti Delbert fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Alága!" Glinibah á pariwo láti ẹ̀yìn ilé. "Ṣé o rí ọkùnrin kan tó ní òun máa tún ọgbà àgùntàn ṣe lánàá?"

Delbert á fèsì láti abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀: "Alága, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Màmá pé wáyà ló tán."

"Alága, èyí tó ká jọ sẹ́yìn ilé ńkọ́? Ṣé yẹtí ló fẹ́ fi ṣe fún mi?"

"Alága, sọ fún Màmá pé mo ti ń bọ̀ níbẹ̀."

Alága á máa jẹ páálí rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ojú irin reluwé ni Delbert ṣe nígbà ọ̀dọ́, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́. Nígbà tó wá di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi látàárọ̀ dalẹ́, ó mú ọ̀bẹ, ó mú ìtì igi kan tó rí létí odò, irú èyí tó rọ̀ tó sì fúyẹ́ bíi búrẹ́dì àná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹṣin. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó fi han Verlinda.

Verlinda yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọkọ mi! Adìyẹ yìí mà dára o!"

Delbert gba ẹṣin rẹ̀ padà. Bó ṣe di agbẹ́dìyẹ nìyẹn. Ó gbẹ́ adìyẹ funfun, ó gbẹ́ adìyẹ pupa, ó gbẹ́ àkùkọ tó gun ewúrẹ́, ó gbẹ́ abo adìyẹ tó wọ fìlà. Àwọn èèyàn ń rà wọ́n. Lọ́dọọdún, ó ń kó wọn lọ síbi ìdíje ère nígbà àpèjọ Shiprock, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń fún un ní ríbọ́ọ̀nù funfun, ti ipò kẹta. Ríbọ́ọ̀nù búlúù, ti ipò kìn-ín-ní, kò tíì wọ ilé rẹ̀ rí. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n Verlinda rí i lọ́dún kan tó dúró níwájú ère ẹlòmíì tí ríbọ́ọ̀nù búlúù wà lára rẹ̀, tó ń fi ìka kan ṣoṣo pa ríbọ́ọ̀nù náà lára, bí ẹni ń pa ọmọ ológbò lórí.

Adìyẹ ò lè gba búlúù. Delbert mọ̀. Ló bá lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, akọrin ìwòsàn tó mọ orin àwọn Ẹni Mímọ́ lórí, ó ní òun fẹ́ máa gbẹ́ àwọn Yéi.

Baba náà mu kọfí rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Delbert, àwọn Ẹni Mímọ́ kì í ṣe adìyẹ o. Bí o bá máa gbẹ́ wọn, fi ohun kan síbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ lára tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ti tó. Kí wọ́n má baà rò pé o ń pè wọ́n, kí wọ́n wá dé lójijì, kí wọ́n bá ọ nínú ṣòkòtò ìsùn."

Èyí tó kọ́kọ́ gbẹ́ ni Afọ́nmiká, aláwàdà wọn, ẹni tó jẹ́ pé bí àwọn yòókù bá ń jó sọ́tùn-ún, òun á jó sósì, á kọsẹ̀, á jókòó sílẹ̀ láàárín agbo, á máa wá ohun tí kò sọnù. Wàhálà dé. Kí lèèyàn máa ṣe tí kò tọ́ lára ẹni tí gbogbo tirẹ̀ kò tọ́? Delbert ronú títí orí fi fọ́ ọ. Níkẹyìn, ó gbẹ́ ẹ pé ó ń jó dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ gún régé, ojú rẹ̀ le koko bíi ti ọlọ́pàá. Nígbà tí baba akọrin rí i, ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde.

Ìyẹn ló fi Delbert lọ́kàn balẹ̀ láti gbẹ́ Yéi obìnrin.

Yéi obìnrin kì í jáde síta láìsí ìbòjú búlúù lójú rẹ̀. Nítorí náà, ìbòjú yẹn gan-an ni Delbert pinnu pé òun máa yọ. Ojú lásán ló máa gbẹ́ sí i, ojú èèyàn, ojú tí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Kò gbẹ́ ohunkóhun mọ́ bí kò ṣe ìyẹn. Igi náà sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ibi tí ó bá ní kí ọ̀bẹ lọ, ibẹ̀ ló ń lọ. Ìpéǹpéjú jáde, àgbọ̀n jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde pẹ̀lú ìlà tó tinrín bí irun lẹ́bàá ẹnu. Delbert á gbé e jìnnà, á wò ó, á gbé e súnmọ́, á wò ó. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ò gbẹ́ irú èyí rí. Àpèjọ Shiprock ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ọ̀dà nìkan ló kù.

Ni Leroy bá dé.

Leroy ni arákùnrin Verlinda, ẹgbẹ́ Delbert sì ni. Kò sí iṣẹ́ tó yá a lára ju kó máa fi àna rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń ṣe é láìgba ìsinmi.

"Àna, jáàkì rẹ dà? Táyà mi tún ti..." Ó rí ère náà. Ẹnu rẹ̀ wà ní yíyà. Ó yọ fìlà rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wo ère náà láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn àgùntàn sì ta kìjí.

"Kí ló ń ṣe ọ́?" Delbert bi í.

"Àna... Àna mi ọ̀wọ́n... o ti gbẹ́ màmá mi!"

"Màmá ta ni?"

"Màmá tèmi! Glinibah! Wo àgbọ̀n! Wo ìpéǹpéjú! Bí wọ́n ṣe máa ń wò mí gẹ́lẹ́ nìyí tí mo bá ti ní kí wọ́n yá mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀!"

Ọ̀bẹ já bọ́ lọ́wọ́ Delbert. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Irọ́ ni. Mi ò rí wọn rí."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. O ò rí wọn rí, o sì gbẹ́ wọn pẹ̀lú ìlà tó wà lẹ́bàá ẹnu wọn. Àbí o máa ń yọjú wo kọ̀rọ̀ kúbùsù ni?"

"Leroy, má pa mí o!"

"O ń yọjú! Ojú ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ríran? Ìka mélòó rèé?"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Mo ti fọwọ́ bojú!"

"Yéè! Ó ti bẹ̀rẹ̀!"

Ariwo yìí ló gbé Verlinda jáde, ìyẹ̀fun búrẹ́dì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wo ère náà lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá!" ló ké, ó sì tú aṣọ ìdáná ìdí rẹ̀, ó fi bo ère náà lórí wéré, bí ẹni pé ó bá ìyá rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀.

"Verlinda, jọ̀ọ́, sọ fún un pé mi ò yọjú," Delbert ń bẹ̀bẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o ò yọjú. Ìwọ tó ń sá fún òbúkọ." Ó ronú díẹ̀. "Ojú ta lò ń rí láràárọ̀ tí o bá jí?"

"Tìrẹ."

"Ta ni wọ́n ní mo jọ látìgbà tí wọ́n ti bí mi?"

"Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ojú mi lo gbẹ́." Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó ṣí aṣọ ìdáná náà sókè díẹ̀, ó tún yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Delbert. Ṣé bí mo ṣe gbó tó nìyí?"

Leroy tún padà sórí ilẹ̀.

Wọ́n lè máa rò pé àwọn máa fi ọ̀rọ̀ náà mọ sáàárín ara wọn, ṣùgbọ́n etí Glinibah kì í ṣe etí àgbà. Nígbà oúnjẹ, bí Verlinda ṣe gbé ọbẹ̀ ẹran àgùntàn kọjá sí apá kejì kúbùsù, ohùn kan jáde láti ibẹ̀.

"Alága! Kí ló ń pa Leroy lẹ́rìn-ín láti àárọ̀?"

Alága wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ìgbálẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

"Ìyá, ère kan ni Delbert gbẹ́," ni Leroy dáhùn, ó dára pọ̀ mọ́ Alága nínú iṣẹ́ náà. "Ẹ máa fẹ́ rí i. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa fẹ́ rí i."

"Gbé e wá."

Verlinda gbé e gba abẹ́ kúbùsù kọjá. Delbert ń gbọ́ ohùn ọbẹ̀ tó ń tutù. Ó gbọ́ tí ṣaworo mì lẹ́ẹ̀kan, tó tún dákẹ́.

"Alága," Glinibah ní, ohùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, "sọ fún ọkùnrin yẹn kó gbé e sínú ààrò."

Delbert dá ṣíbí dúró lágbede ọ̀nà ẹnu.

"Láti ọjọ́ tó ti dé ilé yìí ni mo ti ń sá fún un nítorí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé bí olè, nínú ilé ara mi! Mo so ṣaworo mọ́ ìdí bí ẹran! Ṣé kí òun wá lè jókòó sábẹ́ igi, kó máa fi ọ̀bẹ ha mi létí, kó máa fẹ́ èérún igi kúrò ní imú mi, ni mo ṣe ń ṣe gbogbo ìyẹn?"

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, Leroy pàápàá. Òótọ́ ni màmá sọ.

Delbert gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Alága, sọ fún Màmá pé bí wọ́n bá ní kó jóná, á jóná." Ó kọjú sí kúbùsù. "Ṣùgbọ́n bá mi fi kún un pé mi ò gbẹ́ ohun tó dára tó o rí. Mi ò sì rò pé ọwọ́ mi tún mọ ọ̀nà padà síbẹ̀."

Nígbà tó yá, ṣaworo dìde, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, ó padé. Glinibah ti gbé ère náà lọ sínú hógàn.

Ní òwúrọ̀, Delbert jókòó sórí ìtì igi, ó ń wo èéfín tó ń jáde lórí hógàn ìyá ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀.

"Kọfí ni wọ́n ń sè," Verlinda ní.

"Èéfín kọfí kì í dúdú báyẹn."

"Bẹ́kọ́nì ni, nígbà náà."

"Èmi ń gbóòórùn igi etí odò."

"Gbogbo wa là ń fi igi etí odò dáná, Delbert!"

Ṣinrin. Delbert gbá mọ́ òpó, ó di ojú pinpin. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe òbúkọ.

"Alága!" Ohùn náà wá láti ẹ̀gbẹ́ hógàn. "Sọ fún ọkùnrin yẹn pé imú mi ò tóbi tó báyìí. Sọ fún un pé mi ò jáde láìwọ yẹtí rí láti ìgbà tí mo ti ní etí. Yẹtí mi dà? Ẹ̀wù àrán mi dà? Irun mi tí mo dì sẹ́yìn, tí mo fi òwú funfun wé, ta ló tú u? Bí èèyàn bá máa gbẹ́ni láìgbàṣẹ, ó yẹ kó gbẹ́ni dáadáa!"

Verlinda fọwọ́ bo ẹnu. Kò jóná. Ìyá rẹ̀ ti jókòó tì í, ó ti fi dígí kékeré wo ojú ara rẹ̀, ó ti fi wé ti ère, imú nìkan ló sì bà á nínú jẹ́.

Inú Delbert dùn títí ó fi ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ bàjẹ́. "Leroy, gbọ́ mi. Bí mo bá tún un ṣe bí wọ́n ṣe wí, á di Màmá gan-an."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bó bá di Màmá gan-an, mi ò gbọ́dọ̀ wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mi ò bá gbọ́dọ̀ wò ó, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?"

Leroy ti ń tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó fi di Delbert lójú, ó so ó lẹ́yìn orí, ó fà á le. "Jókòó. Èmi lojú rẹ látòní."

Bẹ́ẹ̀ ni agbẹ́gi tó gbayì jù ní Tolikan ṣe jókòó sábẹ́ igi ní ọ̀sán gangan, aṣọ lójú, tó ń kun ère. Àwọn tó ń wakọ̀ kọjá lójú ọ̀nà dín eré kù kí wọ́n lè rí i dáadáa. Verlinda lọ gbé ère náà wá láti hógàn, ó dì í mú, Leroy ń darí ọwọ́. Imú kọ́kọ́ dín kù, ó sì dára. Yẹtí aláwọ̀ sánmà bọ́ sí etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan kọ́kọ́ bọ́ sí èjìká Verlinda. Ẹ̀wù àrán pupa jáde. Ó wá ku irun. Delbert ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà dúdú.

"Sókè," ni Leroy ní. "Sókè sí i. Máa bọ̀ lọ́tùn-ún. Ọ̀tún tèmi, kì í ṣe ọ̀tún tìẹ! Ó dáa. Má mì."

Ìgbà yẹn ni Alága, tí òórùn ọ̀dà ti ń dùn mọ́ nínú tipẹ́, ti orí bọ abẹ́ apá Delbert.

Búrọ́ọ̀ṣì yọ̀ wálẹ̀.

"Kí ni?" Delbert bi wọ́n. "Kí ni mo ṣe? Ẹ dá mi lóhùn!"

"Àna," Leroy ní, ó sì ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bíi dókítà, "o ti fún màmá mi ní irunmú."

"Nù ún nù!"

Verlinda fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ó bọ́ sápá ọ̀tún. Ó fẹ́ kó bá ara mu, ó nu apá òsì. Irunmú náà gùn sí i, ó sì ká sókè lẹ́nu méjèèjì. Ọ̀dà ara ilé ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. Ó ti gbẹ.

Ṣinrin ṣinrin. Glinibah ò lè ní sùúrù mọ́, ó ní nígbà tí wọ́n ti di ọkùnrin yẹn lójú, kò sí ohun tó máa dí òun lọ́wọ́ láti wá wo ara òun. Ó dé ẹ̀yìn Delbert. Ó dúró. Delbert gbọ́ èémí rẹ̀ lókè orí. Kò rò ju pé ààrò ti gbóná, ó tẹ orí ba, ó ń dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ohun tó gbọ́ jọ ọkọ̀ àtijọ́ tó ń kọ̀ láti gbiná: gbò, gbò, gbò, ó dákẹ́, gbò, gbò, ló bá gbiná. Glinibah ń rẹ́rìn-ín. Ó di èjìká Verlinda mú kó má baà ṣubú. Ṣaworo ìdí rẹ̀ ń dún bí gbogbo agbo ẹran ló ń sáré bọ̀. Láti ìgbà tí Delbert ti ń gbé nílé yìí, kò gbọ́ ẹ̀rín ìyá ìyàwó rẹ̀ rí. Bóun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ lójú, láìrí ohun tó ń rín.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Glinibah nu ojú. Kò pe òbúkọ.

"Delbert," ó ní.

Delbert jókòó ṣánṣán. Kò mọ̀ pé ìyá náà mọ orúkọ òun.

"Delbert, ṣé Yéi obìnrin kan wà tó ní irunmú?"

"Rárá, Màmá. Kò sí."

"Kò lè jẹ́ Ẹni Mímọ́ nìyẹn. Verlinda, èmi ńkọ́? Ṣé mo ní irunmú?"

"Ó kù díẹ̀ káàtó," Leroy ní.

"Leroy!"

"Ẹ ò ní, Ìyá," Verlinda ní.

"Kò lè jẹ́ èmi náà nìyẹn. Kì í ṣe Yéi, kì í ṣe ìyá ìyàwó ẹnikẹ́ni. Obìnrin onírunmú kan ni ṣá, a ò sì mọ ìlú tó ti wá. Kò sóhun tó ní kí o má wò ó." Ó yí padà, ṣaworo ń lọ. "Tú aṣọ ojú rẹ, ọmọ mi, kí o parí iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọjá ná!"

Ó kọjá. Ilẹ̀kùn hógàn padé. Delbert tú aṣọ náà, ó wo ère rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré jù, ó sì fi ọ̀dà dúdú tún etí irunmú náà méjèèjì ṣe, kó lè dọ́gba.

Ní Shiprock, àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ dúró ti ère yẹn ju gbogbo ère yòókù lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò mọ ìdí tí obìnrin náà fi ń wo òun bí ẹni tí òun jẹ ní gbèsè. Ẹnì kejì bi Delbert pé kí ni ìtumọ̀ irunmú. Delbert fa fìlà wálẹ̀. Leroy dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ìtumọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, ìtumọ̀ ti ẹnì kan ò sì jọ ti ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n so ríbọ́ọ̀nù búlúù mọ́ ère náà lọ́rùn, Delbert yọ́ kúrò níbẹ̀. Ó lọ jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Verlinda ò tẹ̀ lé e, ó mọ̀ pé ó ń fọn imú ni.

Ọkùnrin olówó kan láti Santa Fe fẹ́ rà á lójú ẹsẹ̀. Delbert ní kó jẹ́ kí òun lọ béèrè nílé ná.

"Alága!" Glinibah pariwo láti ẹ̀yìn kúbùsù. "Sọ fún ọkùnrin yẹn pé mi ò lọ sí Santa Fe!"

"Ìyá," Verlinda ní, "ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣe yín."

"Kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ẹbí ni wá."

Wọn ò tà á. Orí tábìlì kékeré ló wà dòní, ní ìdí kúbùsù, ríbọ́ọ̀nù búlúù lọ́rùn rẹ̀. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo àlejò. Bí Delbert bá sì ti tẹsẹ̀ bọlé, ère náà á yí, díẹ̀díẹ̀, á kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i gbàgbé fìlà rẹ̀ síbẹ̀, kò padà wá gbé e. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Pátákó róbótó kan tó ń yí wà lábẹ́ ère náà, tí Leroy yọ lára ẹ̀rọ àwo orin tó ti bàjẹ́. Òwú irun àgùntàn kan ti ara rẹ̀ gba abẹ́ kúbùsù kọjá, orí òwú náà sì wà lọ́wọ́ Glinibah.